Éjẹ́ǹtì Kọ̀ǹpútà àti Ìgbékalẹ̀ tí Ó Yẹ Ẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ó kan olùkọ́ tí ń gba máàkì sílẹ̀, ó kan akọ̀wé tí ń dáhùn ìbéèrè nípa owó ilé-ìwé, ó sì kan akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tí àwọn méjèèjì ń tọ́jú. Ẹ̀yin òǹwòran ti gbọ́ nípa ẹ̀rọ tí ń fèsì ọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde ni ẹ̀rọ tí kì í fèsì lásán, tí ó tún máa ń lọ jẹ́ iṣẹ́. Ó lè ṣí ìwé, ó lè wá orúkọ, ó lè kọ lẹ́tà, ó sì lè fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ kí ẹni tí ó rán an tó mu omi tán. Éjẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó ní láti pinnu ohun tí yóò fi gbé e dúró, èyí tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní framework. Orí ìpinnu yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé.

Adó-Èkìtì jẹ́ ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́. Ní ìlú kan ṣoṣo yìí ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà, tí Políténíìkì Ìjọba Àpapọ̀ wà, tí yunifásítì tí agbẹjọ́rò àgbà Afẹ Babalọlá dá sílẹ̀ ní ọdún 2009 sì wà. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ lọ díẹ̀, yóò bá yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà pè. Bí ó bá sì gba ọ̀nà Ìfàkì, yóò dé Ọyẹ́, níbi tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ wà láti ọdún 2011. Ní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ dín owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san kí wọ́n tó lè gbẹ́ ilẹ̀ ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kù, láti náírà 4,500 sí náírà 145 lórí mítà kan. Báńkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú ti fọwọ́ sí owó yíyá tí ó tó mílíọ̀nù 80 dọ́là fún ibùdó tí wọ́n ń pè ní Ekiti Knowledge Zone ní Adó. Ọ̀nà ti ń là, àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà sì wà lójú ọ̀nà náà. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n mọ irú ìránṣẹ́ tí wọn yóò rán gba ibẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé Ìwòròkò kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ éjẹ́ǹtì fún wọn. Éjẹ́ǹtì ni ó ń bá wọn wá yàrá. Wọn a sọ iye tí ó wà lọ́wọ́ wọn, wọn a sọ pé ibi tí omi wà ni àwọn fẹ́, éjẹ́ǹtì a sì jáde lọ. Kì í padà wá béèrè ọ̀nà ní gbogbo ìkóríta. Ó mọ ẹni tí ó yẹ kí ó bá sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ìwúlò rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà, nítorí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kó gbogbo owó rẹ̀ lé éjẹ́ǹtì lọ́wọ́ kí ó tó fi ojú ara rẹ̀ rí yàrá, ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ó di kí wọ́n máa wá alárinà.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ ni òwe náà ń gbà nímọ̀ràn, pé kí ó fi làákàyè tirẹ̀ kún iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an. Ẹ̀rọ kò ní ìtìjú, kò sì ní ìyá tí yóò bá a wí nílé. Kò sí ohun tí ó ní kí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ tí ó ṣeé tún ṣe àti èyí tí kò ṣeé tún ṣe, àfi bí ẹni tí ó kọ́ ọ bá ti fi ìyàtọ̀ náà sí i. Nígbà tí àwọn ọba ń fi àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn, ẹni tí ó gbé e mọ ọ̀nà, ó mọ ibi tí yóò sùn, ó mọ odò tí ó kún. Gbogbo ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n dì sínú àrokò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti yí padà. Ẹni tí ń yan ìgbékalẹ̀ fún éjẹ́ǹtì kọ̀ǹpútà, ibi tí yóò fa ìlà yẹn sí ni ó ń yàn, bí ó tilẹ̀ rò pé ètò kọ̀ǹpútà lásán ni òun ń yàn.

Inú éjẹ́ǹtì náà kò ṣòro tó bí àwọn tí ń tà á ti ń sọ. Módẹ́lì èdè ni ó wà láàárín, ìyẹn ni ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé kọ́ títí ó fi lè sọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Wọn a to irinṣẹ́ ka iwájú rẹ̀: ọ̀kan fún wíwo ìwé owó, ọ̀kan fún ìṣirò, ọ̀kan fún fífi lẹ́tà ránṣẹ́. Módẹ́lì a dárúkọ irinṣẹ́ tí ó fẹ́, ètò kọ̀ǹpútà a bá a lò ó, a sì gbé èsì rẹ̀ padà wá síwájú rẹ̀. Módẹ́lì a wo èsì náà, a tún dárúkọ òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ní ọdún 2022, Shunyu Yao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Princeton àti ní Google kọ ìwé kan tí wọ́n fi ṣàlàyé ọ̀nà yìí, tí wọ́n pè ní ReAct: kí módẹ́lì ro èrò rẹ̀ síta, kí ó gbé ìgbésẹ̀ kan, kí ó wo ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde, kí ó tó tún ronú. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tí ó gbọ́ Python dáadáa lè kọ àyípoyípo yìí láàárín ọ̀sán kan, kí ó má sì ju ọgọ́rùn-ún ìlà kóòdù lọ.

Kí wá ni framework wà fún? Ó dà bí ilé tí ẹlòmíràn ti gbé òpó rẹ̀ nàró, tí wọ́n ti kan òrùlé rẹ̀, tí ó kù kí onílé mọ ògiri sí ibi tí ó bá wù ú. Ìgbékalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó súnmọ́ ọn jù. Ẹni tí ó rà á kò ní í pẹ́ kó wọlé. Ṣùgbọ́n ibi tí òpó bá wà, ibẹ̀ ni yóò máa wà, kì báà ṣe àárín pálọ̀.

Irú ìgbékalẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àná. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ilẹ̀ Ítálì ti bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n pè ní JADE, níbi tí àwọn éjẹ́ǹtì ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ara wọn; ṣùgbọ́n àwọn éjẹ́ǹtì ìgbà náà kò gbọ́ ju ohun tí ẹni tí ó kọ wọ́n bá kọ sílẹ̀ fún wọn. Módẹ́lì èdè ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ọjà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Harrison Chase gbé LangChain jáde. Ní ọdún 2023, Microsoft gbé AutoGen jáde, níbi tí àwọn éjẹ́ǹtì ti ń bá ara wọn fọ̀rọ̀wérọ̀. João Moura, ọmọ ilẹ̀ Brazil, náà gbé CrewAI jáde, nínú èyí tí éjẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní oyè àti ojúṣe bí ẹni pé ọ́fíìsì ni. Ní ọdún 2024, àwọn tí ó ni LangChain tún mú LangGraph wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, OpenAI fi Swarm hàn. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta ọdún 2025, ó ti fi Agents SDK rọ́pò rẹ̀. Google mú tirẹ̀ dé ní oṣù kẹrin. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft kéde pé òun ń pa AutoGen àti Semantic Kernel pọ̀ di ọ̀kan, Agent Framework.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ka orí Swarm ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, kí ó tó dé iwájú àwọn olùyẹ̀wò ni ẹni tí ó ṣe Swarm ti ní kí gbogbo ayé ṣí lọ sí ibòmíràn.

Kò yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní Adó. Yunifásítì tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Òndó ìgbà náà dá sílẹ̀ ní ìlú yìí ní oṣù kẹta ọdún 1982, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Adó-Èkìtì, ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ní ọdún 1985 ó di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Òndó. Lẹ́yìn tí Èkìtì di ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ó di Yunifásítì Adó-Èkìtì. Ní ọdún 2011, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ yunifásítì méjì mìíràn, ti Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ìfàkì, ó sì di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Orúkọ mẹ́rin nìyẹn kí ọgbọ̀n ọdún tó pé. Bí ẹni tí ó kàwé níbẹ̀ ní ọdún 1988 bá béèrè fún àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ lónìí, kì í ṣe orúkọ tí ó wà lẹ́nu géètì ni wọn yóò wò, ìwé ni wọn yóò ṣí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ éjẹ́ǹtì ṣe. Òfin ilé-ẹ̀kọ́, iye owó, ìwé orúkọ, àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ náà wò, àti irinṣẹ́ tí ń ṣí ìwé wọ̀nyí, kò yẹ kí ọ̀kankan nínú wọn wà nínú ikùn ìgbékalẹ̀. Kí wọ́n wà níta, ní fáìlì tí ó dá dúró, kí ìgbékalẹ̀ máa wá bá wọn níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní Model Context Protocol. Ohun tí ó wà fún ni pé kí irinṣẹ́ tí wọ́n bá kọ lẹ́ẹ̀kan lè wúlò fún éjẹ́ǹtì tí wọ́n gbé lé orí ìgbékalẹ̀ èyíkéyìí. Kì í ṣe dandan kí ẹ̀ka kékeré lò ó, ṣùgbọ́n èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn ọdún méjì, bí wọ́n bá ní láti fi ìgbékalẹ̀ kan sílẹ̀, kí ó má jẹ́ pé gbogbo ẹrù ilé ni yóò bá a lọ.

Ó dára kí ọ̀rọ̀ yìí dúró lórí iṣẹ́ kan pàtó. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Adó fẹ́ éjẹ́ǹtì tí yóò máa dáhùn ìbéèrè ní ọ̀sẹ̀ ìwọlé. Ẹni tí ó ti jókòó ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ rí mọ irú ìbéèrè tí ó máa ń wá. Èló ni owó ilé-ìwé ọdún yìí? Ìgbà wo ni wọn yóò ti ìforúkọsílẹ̀? Mo ti sanwó ní báńkì, kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ń sọ pé n kò tíì san? Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò nílò éjẹ́ǹtì rárá. Ọ̀nà wọn kò pín: ètò kọ̀ǹpútà a ka ìbéèrè, a wo ìwé iye owó, a sì dáhùn. Bí módẹ́lì bá wà níbẹ̀, kí ó kàn túmọ̀ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè ni. Kò yẹ kí ó yan ọ̀nà, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà. Ẹni tí ó bá fi CrewAI yan éjẹ́ǹtì olùgbàlejò, éjẹ́ǹtì akápò àti éjẹ́ǹtì alábòójútó sórí irú ìbéèrè yìí, ó pe ìpàdé lórí ohun tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde.

Ìbéèrè kẹta ni ó le. Owó lè wà ní báńkì kí ó má tíì dé. Ó lè ti dé, kí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ní àṣìṣe. Ó lè jẹ́ pé bàbá ni ó san án ní orúkọ ara rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè to gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí tẹ́lẹ̀ láìgbàgbé ọ̀kan, nítorí náà ó tọ́ kí éjẹ́ǹtì fi òye ara rẹ̀ wá ibi tí owó wà. Ṣùgbọ́n wíwá nìkan ni. Kí ó wá, kí ó kọ ohun tí ó rí, kí ó gbé e síwájú akọ̀wé. Akọ̀wé ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé akẹ́kọ̀ọ́ ti san. Ìgbékalẹ̀ tí kò bá ní ibi tí iṣẹ́ ti lè dúró de ọwọ́ ènìyàn kò yẹ irú iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí orúkọ rẹ̀ lókìkí tó.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ tí éjẹ́ǹtì sọ kò mú ilé-ẹ̀kọ́, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà. Ẹ̀rọ ìfèsì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Canada sọ fún arìnrìn-àjò kan tí ìyá rẹ̀ àgbà kú pé ó lè béèrè fún ẹ̀dínwó lẹ́yìn tí ó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin ilé-iṣẹ́ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní British Columbia, ilé-iṣẹ́ náà jiyàn pé ẹ̀rọ náà dá dúró, òun ni ó ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ náà kò gba àwáwí yìí wọlé, wọ́n sì ní kí ilé-iṣẹ́ san owó padà.

Kì í ṣe gbogbo ìgbékalẹ̀ ni ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní iná lọ. Inú ilé tí iná kì í ti í kú ni wọ́n ti kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì hàn lára wọn. Bí éjẹ́ǹtì bá wà láàárín iṣẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, tí iná lọ tàbí tí íntánẹ́ẹ̀tì já ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, èyí tí kò ní ìrántí yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì tún fi lẹ́tà tí ó ti lọ ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ a rí lẹ́tà méjì, a kà á sí gbèsè méjì. LangGraph ń kọ ibi tí iṣẹ́ dé sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà nígbà tí iná bá dé, yóò gbé e láti ibi tí ó kù sí. Ọgbọ́n kan náà ni ó fi lè dúró de akọ̀wé tí ó lọ jẹun. Síbẹ̀, ìgbésẹ̀ tí iná ká mọ́ àárín, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ náà ni yóò ti tún un ṣe. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí irinṣẹ́ tí ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ máa kọ́kọ́ wò bóyá lẹ́tà tí ó ní nọ́ńbà yẹn ti lọ rí. Ìgbékalẹ̀ kò lè bá ènìyàn ṣe ìyẹn. Ẹni tí ó kọ irinṣẹ́ ni yóò ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà ń bẹ. Ní oṣù keje ọdún 2025, éjẹ́ǹtì ilé-iṣẹ́ Replit ní Amẹ́ríkà pa àkọsílẹ̀ tí oníbàárà kan ń lò rẹ́, lẹ́yìn tí oníbàárà náà ti sọ fún un pé kí ó má ṣe yí ohunkóhun padà. Ẹnu ni wọ́n fi dá a lẹ́kun, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ kí wọ́n wo ìwé owó, kọ́kọ́rọ́ tí ó lè wo nìkan, tí kò lè kọ, ni ó yẹ kí wọ́n fún éjẹ́ǹtì. Èyí ju gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n lè kọ sí módẹ́lì létí lọ.

Owó wá ńkọ́? Àwọn tí ó ni módẹ́lì ńláńlá kì í ka ọ̀rọ̀, ègé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà, dọ́là ni wọ́n sì fi ń gbowó. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ́pọ̀ sábà máa ń jẹ́ ègé kan. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ní àmì lè já sí ègé mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé Yorùbá kò pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ tí ń gé ọ̀rọ̀ náà, ó sì tún kù síbì kan: lẹ́tà o lásán gba báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọ̀, pẹ̀lú àmì abẹ́ àti àmì orí, báìtì márùn-ún ni ó ń gbà. Orevaoghene Ahia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2023 pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ èdè bí irú èyí ń san jù lórí ọ̀rọ̀ kan náà, iṣẹ́ tí wọ́n ń rí gbà sì tún ń rẹlẹ̀ sí i. Ó jọ ẹni tí ó ra gààrí ní òṣùwọ̀n kékeré ní iye owó òṣùwọ̀n ńlá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Anthropic sọ nínú àlàyé tí ó ṣe nípa iṣẹ́ ara rẹ̀ pé éjẹ́ǹtì kan máa ń jẹ tó ìlọ́po mẹ́rin ègé ọ̀rọ̀ tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lásán ń jẹ, pé ibi tí éjẹ́ǹtì púpọ̀ bá sì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ó máa ń tó ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí náírà 460 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá náírà 1,500. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá yan ìgbékalẹ̀ tí éjẹ́ǹtì mẹ́fà ti ń bá ara wọn jiyàn, ní èdè Yorùbá alámì, kí ó ti lọ bá akápò sọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, bí àmì bá ń náni lówó, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Olùkọ́ Yorùbá mọ ohun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde. Ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ yóò di ọ̀kan náà. Ìṣòro orúkọ tilẹ̀ tún fara sin ju èyí lọ. Kọ̀ǹpútà lè fi ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ tọ́jú lẹ́tà kan náà: lẹ́tà é lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ e tí wọ́n fi àmì orí lé lọ́tọ̀. Lójú ènìyàn, kò sí ìyàtọ̀; lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi fóònù tẹ orúkọ rẹ̀, tí akọ̀wé sì fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tẹ̀ ẹ́, éjẹ́ǹtì lè wá a títí kí ó ní kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ wà, ìyẹn ni kí wọ́n sọ gbogbo orúkọ di irú kan náà kí wọ́n tó fi wọ́n wé ara wọn, ìlà kóòdù kan péré ni ní Python. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé ìpolówó ìgbékalẹ̀ tí yóò rán ẹnikẹ́ni létí rẹ̀, nítorí kì í ṣe wàhálà àwọn tí ó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀ka èdè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ pé ulé dípò ilé kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ; Èkìtì ni ó sọ. Kí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú àwọn ìbéèrè ìdánwò, kí wọ́n má dúró de ọ̀sẹ̀ ìwọlé kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ.

Òfin pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ Ara Ẹni ti wà ní Nàìjíríà, àjọ tí ń mú un ṣẹ sì wà. Máàkì àti gbèsè akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n lè kàn fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tí ó wà ní òkè òkun nítorí pé ìgbékalẹ̀ kan rọrùn láti lò. Àwọn ìgbékalẹ̀ kan fẹ́ràn módẹ́lì ilé-iṣẹ́ tí ó ni wọ́n; àwọn mìíràn gba èyíkéyìí. Èyí tí ó gba èyíkéyìí ni ó sàn, nítorí módẹ́lì tí ó ṣeé gbé sórí kọ̀ǹpútà inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ti wà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ gbé N-ATLAS jáde, módẹ́lì tí ó gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń sọ ọ́. Kò tó àwọn módẹ́lì ńlá lágbára, ṣùgbọ́n kí ìwé orúkọ má jáde kúrò nínú ọgbà lè tó ohun tí ó yẹ kí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba agbára tí ó kéré.

Ní kíláàsì, àríyànjiyàn kan wà tí kò ní í tán kíákíá. Àwọn olùkọ́ kan gbà pé orúkọ ìgbékalẹ̀ tí àwọn agbanisíṣẹ́ ní Èkó ń béèrè ni ó yẹ kí wọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọn kò jẹ̀bi. Ọmọ tí ó jáde ní láti jẹun. Àwọn mìíràn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ àyípoyípo náà fúnra rẹ̀ láìlo ìgbékalẹ̀ kankan. Tí wọ́n bá wo bí àwọn orúkọ wọ̀nyí ti ń yí padà láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yìn yìí ni ó wúwo jù. Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọgọ́rùn-ún ìlà yẹn, tí ó sì ti rí i kí ẹ̀rọ náà yí po títí tí kò mọ ìgbà tí yóò dúró, ọjọ́ mélòó kan ni yóò fi mọ ìgbékalẹ̀ èyíkéyìí. Fún ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, smolagents tí Hugging Face gbé jáde ní ìparí ọdún 2024 dára fún kíkà ní kíláàsì, nítorí àwọn tí ó kọ ọ́ gbìyànjú kí àárín gbùngbùn rẹ̀ má ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ìlà lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á tán, kí ó sì béèrè ìdí tí òpó kan fi wà níbi tí ó wà.

Nígbà tí ó bá di àkókò yíyàn gan-an, kí ilé-ẹ̀kọ́ kó ìbéèrè àádọ́ta jọ láti inú èyí tí akọ̀wé ti dáhùn rí, kí wọ́n yọ orúkọ kúrò lára wọn, kí wọ́n gbé ìbéèrè kan náà fún ìgbékalẹ̀ méjì àti fún kóòdù tí kò ní ìgbékalẹ̀ rárá. Kí wọ́n ka iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, kí wọ́n ka iye owó tí ó jẹ. Kí ẹnì kan yọ wáyà iná láàárín iṣẹ́, kí wọ́n wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá tì í bọ̀ ọ́ padà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé kóòdù náà fún olùkọ́ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, kí wọ́n wò ó bóyá yóò lè sọ ibi tí ìdáhùn kan ti ṣì.

Ìdánwò ìkẹyìn yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó já fáfá ni ó máa ń kọ́ ohun gbogbo, kọ́kọ́rọ́ a wà lórí káàdì báńkì tirẹ̀, kóòdù a wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀. Ọmọ náà a jáde, a di àgùnbánirọ̀ ní Sókótó. Ní ọ̀sẹ̀ ìwọlé tí ó tẹ̀lé e, éjẹ́ǹtì a dákẹ́ lójijì, akọ̀wé a padà sí ìwé gbọọrọ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì tún tò sí ẹnu ọ̀nà láti òwúrọ̀. Nítorí náà, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, kí kóòdù wà níbi tí ẹ̀ka ti lè rí i, kí olùkọ́ méjì, ó kéré tán, sì lè kà á láìsí ẹni tí ó kọ ọ́ nítòsí. Bí nínú gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka náà kò bá sí ẹni méjì tí ó lè ka LangGraph, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọdún yìí, kí wọ́n lo ọgọ́rùn-ún ìlà tiwọn.